Ọ̀rọ̀ Ẹnu Tí Mo Gbé Dé Sheffield

Ẹ̀yin ará agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ẹ̀yin tí ẹ ń yà kí mi láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ ń wo àpò mi kí ẹ tó wo ojú mi, mo rí yín, ẹ ṣeun. Ṣokoléètì ti tán. Ìròyìn ló ṣẹ́kù, mo sì fẹ́ pín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ó ti sú mi láti máa tún un sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Bírò dúdú ni mo fi ń kọ ọ́, lẹ́tà ńlá ńlá, ojú ewé kan ò sì gbà ju ìlà mẹ́jọ lọ, torí ojú mi ò ríran jìnnà, kò sì ríran nítòsí. Kíláàsì mẹ́rin ni mo kà nísàlẹ̀ Màpó, lọ́wọ́ Tísà Ọlátúnjí tó máa ń fi rúlà gbá wa léjìká. Àwọn ọmọ mi ní kí n sọ ọ́ sínú fóònù, wọ́n ní fóònù á bá mi kọ ọ́. Ẹ kà á dópin, ẹ ó mọ ohun tó mú kí n kọ̀.

Orogún mi

Nínú àwa méjèèjì, ọkọ mi ló lójú. Látìgbà tí tèmi ti ń ṣe bàìbàì ni wọ́n ti ń ka nǹkan fún mi: ìwé iná, ìwé ìpè sí ìkómọ, ara páálí oògùn. Tí wọ́n bá ka ohun tó wà níbẹ̀ tán, wọ́n á fi tiwọn kún un. Mo máa ń mọ ibi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń dùn jù.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ wọn, Tàófíkì, àkọ́bí mi, gbé fóònù bàbá ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun ti fi nǹkan kan sínú ẹ̀ tí á máa kàwé sókè fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin ló dáhùn.

Ẹ bá mi rò ó. Ó kù díẹ̀ kí n pé àádọ́ta ọdún nílé ọkọ, mi ò ní orogún rí. Ọkọ mi wọlẹ̀ tán, obìnrin wá yọ nínú fóònù wọn. Orogún ni mo sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Orogún mi kàwé ju gbogbo wa lọ o. Yorùbá tó ń kà, àfi bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Sàláwà ẹ̀gbọ́n mi ní Oníyanrìn kọ ọ́ ránṣẹ́ pé òun ti ra igbá, òun ń gbé e bọ̀. Orogún kà á ní igba. Mo jókòó ti ilẹ̀kùn títí di ìrọ̀lẹ́, mò ń retí igba nǹkan. Igbá kan ṣoṣo ló dé, ó tún ti sán.

Ọ̀ràn yẹn, mo fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tó tẹ̀ lé e ni mi ò lè fi rẹ́rìn-ín. Mò ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Orogún bá lanu lórí àga: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara ti ń le? Mo ti ra síwẹ́tà pupa tí ẹ ní kí n rà. Ẹ tètè gbádùn o."

Ọwọ́ mi dúró sínú ìrẹsì. Akọ̀wé ni. Akọ̀wé ń kọ̀wé sí òkú.

Ẹ̀yin ìyàwó kéékèèké tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, àbúrò ọkọ mi ni, ọmọ ìyá wọn gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, ẹ̀yìn mi ló ti parí ọmọdé ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bá a nílé ọkọ, nítorí náà ọkọ mi ni, mi ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹ̀. Nígbà náà, wàláà kan, pátákó tí àwọn ọmọ kéú fi ń kàwé, kì í kúrò lábẹ́ apá ẹ̀. Á máa fi èédú kọ ohun tí Ọlọ́run nìkan lè kà sára ẹ̀. Ni mo bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti wà nílùú òyìnbó. Láti bí ọdún méjì wá ni etí ẹ̀ sì ti di pátápátá. Lójú ẹ̀, "ẹ" ni mo ń bá a sọ. Òun náà ń fi "ẹ" dá mi lóhùn, torí mo pọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí n máa wí "ó" kí ìwé mi má baà tán.

Mo pe Tàófíkì.

"Ta ló ń dá Akọ̀wé lóhùn lórí fóònù yìí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Bíi ta?"

Ó fọwọ́ nu ojú. "Bíi Bàbá."

"O ní kí ni?"

"Mo ní ara ń le díẹ̀díẹ̀. Mo ní àwọn dókítà ò tíì fi mí sílẹ̀ lọ́sibítù ni."

"Síwẹ́tà pupa ńkọ́?"

"Òun ló bi mí pé àwọ̀ wo, Màámi. Kí ni kí n sọ?"

Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ nìkan. Bàbá Mùkáílà, àgbà ilé wa, ló pàṣẹ pé kí wọ́n má túfọ̀ fún Akọ̀wé lórí fóònù. Wọ́n ní ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ikú àgbà, kí ẹni tó máa gbọ́ ọ wà ní ìjókòó, kí ẹni tó máa dì í mú sì wà nítòsí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá máa gbé ẹnu náà lọ? Gbogbo wọn wo ara wọn, wọ́n wo àjà, wọ́n wá wò mí. "Ẹni tó pọ̀n ọ́n ni kó lọ sọ ọ́," ni Bàbá Mùkáílà wí, wọ́n sì ní kí wọ́n bu omi wá fáwọn. Bí èmi aláìríran ṣe di ikọ̀ sí adití nìyẹn.

Ẹnu ibodè

Ẹ má bi mí léèrè nípa inú bàálù. Mo jókòó, wọ́n fún mi ní oúnjẹ tó yẹ ọmọ ọwọ́, mo sùn, mo jí, a ti dé.

Obìnrin tó fi kẹ̀kẹ́ tì mí, Násírà lorúkọ ẹ̀, ó kí mi ní sàlámà, ó sì fi gèlè mi bò mí létí nítorí òtútù láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Kí Ọlọ́run fún un lálùbáríkà. Ọ̀gbẹ́ni onírun pupa tó wà lẹ́nu ibodè, kò sọ orúkọ ẹ̀ fún mi, bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba tiẹ̀. Ó ní kí ni mo wá ṣe. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì mẹ́rin dá a lóhùn pé mo wá sọ nǹkan kan fún ọkọ mi.

"Ṣé ìlú yìí ni ọkọ yín ń gbé?"

"Rárá o. Ọkọ mi ti kú."

"Ta lẹ wá fẹ́ sọ nǹkan fún?"

"Ọkọ mi."

Ó wo Násírà. Násírà ń ka iná tó wà lókè. Ọ̀gbẹ́ni náà tún wo ìwé mi, ó wá bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé ń bi mí láti ọjọ́ yẹn: "Ìyá, ṣé ẹ ò lè fi fóònù sọ fún un ni?"

Mo ní, "Etí ẹ̀ di." Ó lu òǹtẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí n kúrò níwájú òun ni.

Olólùfẹ́

Ìlú olókè ni Sheffield, bíi tiwa. Ẹ ò lè rin ogún ìṣísẹ̀ kí ẹ má gùn tàbí kí ẹ má sọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ara á tù mí nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó síwájú ilé. Gbogbo òkè yẹn, ẹnikẹ́ni ò ti orí ẹ̀ bojú wo ilé ẹnì kejì. Òkè ṣòfò.

Ìwà wọn dára, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n á bi yín pé ṣé ẹ wà dáadáa, wọn ò kàn ní dúró gbọ́ èsì ni. Doris, ìyá arúgbó tó ń gbé ilé kejì, bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé orúnkún mi fún un. Kí n tó dé orí ti ọ̀tún, ó ti tilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ló sì ń pe ara wọn ní olólùfẹ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì pè mí ní olólùfẹ́. Ẹni tó ń ta oògùn pè mí ní olólùfẹ́. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ opó! Mo ní kí Sékínà bi awakọ̀ yẹn léèrè bóyá ó ti rí àwọn ará ilé mi.

Sékínà ni ọmọ Akọ̀wé, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ni Akọ̀wé ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹ̀ ò kọjá "ẹ jọ̀ọ́" àti "ó ti tó".

Ọjọ́ tí mo dé, Akọ̀wé dìde láti orí àga, ó gbá mi mú, ó sì ń pariwo bí adití: "Ìyàwó wa! Ìyàwó wa!" Ìgbà tó jókòó padà ni mo tó mọ̀ pé ẹlẹ́kẹta wà láàárín wa. Fóònù kan wà lórí tábìlì níwájú ẹ̀, wọ́n gbé e ró bí fọ́tò. Ohun tí ẹ bá ti sọ, fóònù yẹn á gbọ́ ọ, á kọ ọ́ sílẹ̀: Yorùbá lókè, láìsí àmì kan lórí ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, nítorí Sékínà. Akọ̀wé á wá ka ti òkè sókè bí ọmọ kéú, Sékínà á ka ti ìsàlẹ̀, èmi tí mo sọ ọ̀rọ̀ á wá gbọ́ ohun tí mo sọ.

Mo ní, "Ẹ kú ilé o, ọkọ mi!"

Akọ̀wé ka ti òkè. Ó rẹ́rìn-ín. "Oko yín kẹ̀? Oko ẹ̀gẹ́ ni àbí oko kòkó?"

Sékínà ka ti ìsàlẹ̀, ojú ẹ̀ yí padà. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì wí ni pé: "Kú sílé, oko mi."

Mo ní ẹ kú ìnáwó iná, fóònù ní kí wọ́n kú. Mo ní ẹ kú ìtọ́jú ara, ó tún ní kí wọ́n kú. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti fi ìkíni pa gbogbo ilé. Sékínà ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wá bi mí ní ìbéèrè tó gbé mi kúrò nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n wà níbẹ̀."

Wọ́n kúkú wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Wọn kì í jíṣẹ́ ikú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹun ilé ẹ̀ ná.

Ìrẹsì inú agolo

Oúnjẹ wọn, kí n má baà ṣe aláìmoore, ó pọ̀. Adùn ni wọn ò rí rà. Wọ́n á se ẹ̀wà tútù aláwọ̀ ewé, wọ́n á gún un, á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja bí ìgbà tí wọ́n fi ewé di nǹkan tí wọ́n gbàgbé láti tú u. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ohun gbogbo tí wọ́n gbé fún mi, torí mi ò wá jà.

Ní ọjọ́ kẹta, Sékínà lọ síbi iṣẹ́, ebi ìrẹsì sì ń pa mí. Mo mú agolo kan lórí pẹpẹ, mo gbé Orogún sí i kó kà á. Ó ka iyọ̀ inú ẹ̀. Ó ka ṣúgà inú ẹ̀. Ó ka ibi tí wọ́n ti dì í àti bí wọ́n á ṣe da agolo nù. Ó ka gbogbo ẹ̀yìn agolo bí ẹni ń ka ẹ̀sùn ní kóòtù Màpó, nígbà tó wá dé iwájú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ni "ìrẹsì". Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀. Mo dín ata, mo fi ẹja sí i, ọbẹ̀ hó, mo dà á lé ìrẹsì náà lórí, mo gbé e fún Akọ̀wé.

Ìrẹsì oníwàrà ni, ti àjẹpọ́nnulá, tó dùn bí oyin. Akọ̀wé fi síbí kan sẹ́nu, ó dúró, ó wò mí, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọwọ́ yín ò yí padà." Ẹ wá rí ẹni tí wọ́n ní kí n wá bà lọ́kàn jẹ́.

Ó ti relé

Jímọ̀ọ̀ ni mo dá. Akọ̀wé ti kírun dé, ara ẹ̀ balẹ̀, Sékínà jókòó tì í, ẹni tó máa dì í mú ti wà nítòsí. Mo tún gèlè wé. Mo rántí bí Bàbá Mùkáílà ṣe kọ́ mi pé kí n sọ ọ́: wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí n má dárúkọ ikú.

Mo ní, "Akọ̀wé, ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n yín ti relé."

Ohùn mi já sí méjì lórí "relé". Ará Ìbàdàn wo ló máa gbọ́ irú ohùn yẹn tí ò ní káwọ́ lérí? Ọmọ ọdún méje nílé wa á mọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohùn tó já. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lásán, ó mọ́ tónítóní, kò sí omijé kan lára ẹ̀. Ọkùnrin náà ò sì wo ojú mi. Fóònù ló ń wò. Láti ọdún méjì, kò tún wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde ló ń wò.

Ó kà á sókè. "Ẹ̀gbọ́n yín ti relé." Ó tún un kà. Ó wá fò sókè lórí àga bí ọmọ ogún ọdún. "Wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀! Alhamdulillahi! Sékínà, wọ́n ti fi Bàbá Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́sibítù! Wọ́n ti relé!"

Sékínà náà ti ka tiẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó sáré lọ pe Doris. Doris gbé kéèkì dé, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ẹ kú oríire, olólùfẹ́. Mo jókòó sáàárín wọn, mo jẹ kéèkì ìdáǹdè òkú ọkọ mi. Ó dùn, mi ò lè purọ́.

Akọ̀wé ò tíì jẹ tiẹ̀ tán tó fi fa fóònù mọ́ra, tó ń tẹ nǹkan pẹ̀lú ẹ̀rín. Mi ò mọ ohun tó ń tẹ̀, àfi ìgbà tí Orogún lanu nínú àpò mi, lábẹ́ àga:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ìyàwó wa ni. Ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀ wá wò yín. Mo máa gbé síwẹ́tà náà lọ́wọ́."

Ó kà á já, pẹ̀lú iṣu gbígbóná ẹnu ẹ̀. Akọ̀wé ò gbọ́, ó ń bu kéèkì. Doris àti Sékínà gbọ́, kò yé wọn. Èmi nìkan ni mo gbọ́ tó sì yé mi nínú ilé yẹn. Mo fi ẹsẹ̀ ti àpò sẹ́yìn.

Kí ló kù?

Ní Sátidé, mo ní kò sí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ mọ́. Ọkùnrin yìí ti ń tọ́jú aṣọ sínú báàgì ìrìn-àjò. Mo gbọ́ tó ń fa síìpù. Mo ní kí Ọlọ́run foríjì mí, mo máa la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni ń la ẹ̀pà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n yín kú."

Ẹ̀rọ tó ti ń pa èèyàn láti ọjọ́ tí mo dé! Ìgbà tí mo wá nílò ikú lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́. Akọ̀wé kà á: "'Egbon yin, e ku.' Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí ẹ kí mi? Ẹ bá mi kí wọn padà o."

Mo ní, "Ó kú! Ó kú!"

Akọ̀wé ka tiẹ̀, ó wá fún ojú pọ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan. "'O ku, o ku.' Ó kù? Kí ló kù, ìyàwó wa?"

Ẹ bá mi gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi opó. Kí ló kù? Mi ò tiẹ̀ ronú, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Èmi ni mo kù."

Sékínà ka ti ìsàlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún mi: "Àǹtí, ó ní ẹ̀yin lẹ kú!" Ó fi ẹnu kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gbé àpò ẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọmọ náà ò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí fóònù bàbá òun sọ òtítọ́ nìyẹn.

Ó wá ku èmi àti Akọ̀wé. Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò kọ ọ́ sí bébà fún un. Mo rò ó. Bírò wà nínú àpò mi. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí kí n lè já bébà lé ọmọ tí mo pọ̀n lọ́wọ́, bí ìwé iná, ni mo ṣe fo òkun? Ẹnu ni wọ́n fi rán mi.

Akọ̀wé ṣì ń wo fóònù, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ mi. Mo ṣí ẹnu. Ohun tó jáde, mi ò gbèrò ẹ̀.

Mo pe orúkọ ọkọ mi.

Kì í ṣe "Bàbá Tàófíkì". Kì í ṣe "Ẹ gbọ́". Orúkọ wọn gangan, tí àlùfáà fún wọn lọ́jọ́ kẹjọ, tí mi ò gbé sẹ́nu rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò pè é nínú ìjà, mi ò pè é nígbà tí wọ́n ń kú lọ lápá mi. Ẹ má bínú, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó.

Fóònù kọ ọ́. Kò ṣì í.

Akọ̀wé kà á sókè, bó ṣe ń ka ohun gbogbo sókè. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ní pípè lásán, lẹ́nu ara ẹ̀. Ó tún un wò. Ó mọ ẹni tó wà nínú yàrá náà, ó sì mọ̀ pé ẹnu kan ṣoṣo ni orúkọ yẹn lè ti jáde. Ọkọ kì í wà láyé kí ìyàwó ayé àtijọ́ bíi tèmi pe orúkọ ẹ̀ ní gbangba.

Ó gbé ojú kúrò lára fóònù, ó wo ojú mi. Láti ọjọ́ tí mo dé, ìgbà yẹn ló rí mi.

"Láti ìgbà wo?"

Mo na ìka mẹ́fà.

"Oṣù mẹ́fà." Ó mí. "Ta ló wá ń dá mi lóhùn?"

Mo ní, "Tàófíkì." Ó rí i lẹ́nu mi.

"Ó mọ̀ ọ́n kọ bíi wọn," ló wí. Ó tún ní, "Ó mọ àwọ̀ tí wọ́n fẹ́." Ó na ọwọ́, ó da fóònù náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Kò pariwo mọ́. Ohùn tó wá ń fi sọ̀rọ̀ rọlẹ̀, bí ẹni pé ó ń gbọ́ ara ẹ̀.

"Ta ló wẹ̀ wọ́n?"

Mo dárúkọ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń la ẹnu mi dáadáa: Lásísì ọmọ àlùfáà Òkè Àrẹ, Súlè onígègé, Bùráímọ̀ tí wọ́n jọ ṣe télọ̀ ní Ìdí Arẹrẹ. Ó ń wo ètè mi, ó ń pè é tẹ̀ lé mi. Gbogbo wọn ló mọ̀. Kò ṣi ọ̀kan pè.

"Ta ló gbẹ́ ilẹ̀?"

Kàsúmù àti Jímọ̀. Òjò ń rọ̀, Jímọ̀ ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ọkọ́ lọ́wọ́ òun.

"Ta ló kírun sí wọn lára?"

Mo sọ ọ́.

"Ta ló pa ojú wọn dé?"

Fún ìyẹn, mi ò la ẹnu. Mo fi ìka kan àyà mi.

Ó wo ìka náà títí. Ó wá di àga mú, ó rọra sọ̀kalẹ̀, eékún kan, eékún kejì. Mo rò pé ó ń ṣubú ni, mo na ọwọ́ síbi tí mo rí òjìji ẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣubú. Ó nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì Sheffield, àgbàlagbà tí ewú ti gba orí ẹ̀ kan, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, iwájú orí ẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Mo ní kó dìde. Mo ní ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé, ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó, kí ni kí n wí fún wọn nílé? Mo wí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò gbọ́.